Orúkọ Màmá Ló Ṣáájú

Ẹ jẹ́ ká yin oyè kan tí ayé kò tíì yìn tó. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ Díkìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún púpọ̀, kó máa ṣe bí ẹni tí oorun ìwàásù kò kùn rí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ Alájì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ òfuurufú dé ilẹ̀ mímọ́. Olóyè ìlú ní láti pa màlúù kí wọ́n tó fi ewé lé e lórí. Ṣùgbọ́n Kọ́mírédì! Ọba oyè, oyè tí kò gba kọ́bọ̀, oyè tí kò mọ afọbajẹ! Èèyàn á kàn jókòó sórí àga tó ń yí bírí nínú ilé rẹ̀, á ṣí ojú-ewé rẹ̀ lórí ayélujára, á tẹ lẹ́tà mélòó kan síwájú orúkọ rẹ̀, ó parí. Ẹni tó ń wá ibi tí gáàsì ọkọ̀ ti pọ́ọ́kú kiri lánàá ti di olùgbèjà gbogbo òṣìṣẹ́ ayé lónìí. Ó lè máa gbé nínú ilé tó ní gáréèjì ọkọ̀ mẹ́ta, kó máa fi ahọ́n na àwọn olówó láti orí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, oyè náà kò ní já bọ́ lórí rẹ̀. Mo kí oyè náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja.

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ẹni tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ibi. Mi ò tíì pẹ́ ní Dallas nígbà náà. Mo ti gboyè jáde nínú ìmọ̀ ìṣèlú nílé, mo lè fi odidi ọ̀sán ṣàlàyé bí ọ̀gá ṣe ń sọ òógùn òṣìṣẹ́ di èrè, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, iṣẹ́ tí mo rí ṣe sì ni nọ́ọ̀sì éèdì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Cedar Hill, létí Dallas. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, mò ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́. Bí ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá tó, màá lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi níta, màá fi ọwọ́ kan jẹ búrẹ́dì, màá fi ọwọ́ kejì kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí ayélujára nípa bí ètò kapitálísíìmù ṣe máa wó. Tó bá ku ìṣẹ́jú kan, màá sáré wọlé kí n má baà pẹ́ tẹ aago tó ń ka wákàtí iṣẹ́ wa. Ètò náà kò wó rí kí ìsinmi mi tó tán.

Yorùbá bíi tiwa ni ẹni tó ni ilé ìtọ́jú yẹn. Díkìnnì ni, gbogbo wa sì ń pè é ní Dádì. “Ẹbí kan ni wá níbí,” ni ọ̀rọ̀ tó máa ń fi ṣí ìpàdé, òun náà ló sì máa ń fi pa á dé. Nígbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń gbé àwọn arúgbó tó wúwo bàjẹ́, ẹbí ni wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ gbé wọn. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, ẹ̀yìn wa ń ké. Bí a bá lọ bá Dádì, á ní a máa rí i ṣe lágbára Ọlọ́run, á sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wa, á máa dá orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rọrùn láti bá ẹni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ jà.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ni obìnrin kan tí a ń pè ní Màmá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ ní Ọ̀yọ́ kó tó wá síbí, ó sì ṣì máa ń wo bí a ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ rẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ìlera tó bá iṣẹ́ Màmá wá ló ń gbé ẹnì kan wá sílé láti máa na apá àti ẹsẹ̀ bàbá náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ara bàbá sì ti ń yá díẹ̀díẹ̀: ó ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ife mú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ife yẹn ni Màmá ń bá ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá lọ, ife á bọ́.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù sílẹ̀. Àwa méje là ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé nínú àpátímẹ́ǹtì Màmá, torí pé níbẹ̀ la ti ń rí oúnjẹ gidi jẹ. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́.

“Dádì ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wojú mi,” ló wí. “Kí n wá kọ̀wé fẹ̀sùn kàn án?”

“Màmá, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ̀tọ́ wa ni.”

“Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ìwé tó o kà yẹn, ṣé wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ń rí iṣẹ́ mìíràn gbà sínú ẹ̀?”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mo ṣe àlàyé nípa agbára àjùmọ̀ṣe, Màmá bu ẹran sí abọ́ mi, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe àlàyé mi. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ń dá gbé bàbá òyìnbó kan tó sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, bàbá náà sì wó lé e lórí. Màmá ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní ọmọ náà ò lè ké, ojú ẹ̀ nìkan ló ń ké. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò jẹ́ kí a jókòó tán. “Ẹ gbé ìwé yẹn wá,” ló wí.

Mo gbé e wá. Ohun mẹ́ta la béèrè: kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ kún wa, kí wọ́n jẹ́ kí yúníọ̀nù máa gba ẹnu wa sọ̀rọ̀. Mo gbé bírò lé orí tábìlì. Kò sẹ́ni tó mú un. Ìlà méje ló wà lábẹ́ ìwé náà, ìlà àkọ́kọ́ sì ń wò wá. Ta ló máa kọ orúkọ tirẹ̀ lé Màmá lórí? A kúrò nílé lóòótọ́, a wà ní Texas lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé wọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú wa. Màmá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa náà. Ẹ ní kí n ṣíwájú ogun.” Ó fi ọwọ́ olùkọ́ kọ orúkọ rẹ̀ gbàgàdà sókè pátápátá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Èmi tí mo ro ọ̀rọ̀ náà, tí mo kọ ìwé náà, tí mo ra bírò náà, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ìlà keje ni orúkọ mi wà, kékeré báyìí.

Ibí ni ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Kọ́mírédì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní McKinney, ní òdìkejì Dallas, ló ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún iléeṣẹ́ ńlá kan, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ló ń ṣe ìpàdé ohùn lórí ayélujára, tí èèyàn ń rọ́ wá gbọ́ ọ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá pe “òṣìṣẹ́”, wàá rò pé òun ló bí wọn. Mo ti ń tẹ̀ lé e fún ọdún méjì, ó sì ti pè mí ní “àbúrò mi” nígbà kan, ọ̀rọ̀ tí mo fi yangàn fún odidi ọ̀sẹ̀. Mo ya fọ́tò ìwé wa, mo fi ránṣẹ́ sí i pé kó bá wa wo bí a ṣe kọ ọ́, torí a fẹ́ mú un lọ fún Dádì lọ́jọ́bọ̀. Mo sọ fún un kedere pé kó má fi han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán Sọ́ńdè, fọ́tò náà wà lójú-ewé rẹ̀. Orúkọ wa méjèèje hàn ketekete. Lórí rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: “Àwọn òṣìṣẹ́ wa ní Cedar Hill ti dìde, mo sì wà lẹ́yìn wọn.” Ó wà lẹ́yìn lóòótọ́, ẹ̀yìn tó jìnnà tó gbogbo ọ̀nà láti Cedar Hill dé McKinney. Àmì ọkàn pupa àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ń já lé e lórí bí òjò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n pe Màmá sí ọ́fíìsì. Obìnrin òyìnbó tó jẹ́ mánéjà ló tẹ fọ́tò náà jáde, ó sì na ìka sí ìlà àkọ́kọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣáájú ni olórí ọ̀tẹ̀. Níbo ni yóò ti mọ̀ pé àgbà nìkan ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí? Ṣùgbọ́n Dádì jókòó síbẹ̀. Dádì mọ̀. Yorùbá ni, òun náà kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí oúnjẹ níbi tí àgbà bá wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá sọ tí ì bá fi gbà á sílẹ̀. Màmá sọ fún wa pé kápẹ́ẹ̀tì ni Dádì ń wò. Wọn ò fẹnu kan yúníọ̀nù rárá; wọ́n ní Màmá ti tẹ aago pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gba káàdì ọrùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn márùn-ún yòókù ti lọ bẹ Dádì, èmi náà sì dákẹ́. Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó má baà sí ohun tí ẹnikẹ́ni á rí wí. Ẹ̀rọ dé, Màmá lọ.

Mo pe Kọ́mírédì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi bíi pásítọ̀ tó ní ìpàdé mìíràn níwájú.

“Àbúrò,” ló wí, “kò sí ìjà tí ẹnì kan kì í fara gbọgbẹ́. Màmá yẹn ti kúrò ní èèyàn kan báyìí. Ó ti di àmì.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé àmì kì í na apá ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá wólẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì tó dára kì í dé títí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ á fi gbé fóònù sílẹ̀. “Ẹ ṣeun, sà,” ni mo sọ. Sà! Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìparun rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ ìyàwó. Mò ń rò ó lójú ọ̀nà márosẹ̀, mò ń rò ó bí mo ṣe ń fọ ẹ̀yìn àwọn arúgbó. Dádì ṣẹ̀ mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Dádì kò fi oyè olùgbèjà tàn mí jẹ. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní apata tó tún jẹ́ ọfà, òun ni mo fẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Mo dákẹ́, mò ń wá èèkù idà. Mò ń yìn ín lórí ayélujára. Gbogbo ohun tó bá kọ, èmi ni mo ń kọ́kọ́ fi ọkàn pupa sí i.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó pè mí sí ẹgbẹ́ ìkàwé tó ń ṣe nílé rẹ̀. Ilé náà tóbi. Ìwé kún ògiri kan láti ilẹ̀ dókè, wọ́n to gbogbo wọn bí àwọ̀ wọn ṣe rí, ẹ̀yìn wọn sì le gbagidi bíi ti ẹni tí kò tẹ̀ rí. Àwa mẹ́fà jókòó, a ń sọ̀rọ̀ nípa òmìnira òṣìṣẹ́. Obìnrin kan ń gbé oúnjẹ wá, ó ń kó abọ́ lọ, a kò sì dá gbólóhùn dúró fún un. Obìnrin náà ló ń tọ́jú ìyá Kọ́mírédì tó ti darúgbó, nínú ilé náà ló sì ń sùn. Mo fi omi mímu ṣe àwáwí, mo tẹ̀ lé e lọ sí kíṣìnnì.

“Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti jẹun?” mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tí mo dá lọ́wọ́ dúró. “Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.”

“Ọjọ́ wo lẹ máa ń sinmi?”

“Ìsinmi bíi ti báwo?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu abọ́. “Ṣé ìyá àgbà á ní àwọn ò ní tọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni? Láti ìgbà tí mo ti dé, n ò tíì ní ọjọ́ kan tó jẹ́ tèmi. Bọ̀dá tó ni ilé á máa sọ ti òmìnira nínú fóònù, màá máa gbọ́ ọ láti ibí, màá ní, ‘Ọlọ́run, jẹ́ kó dé kíṣìnnì.’”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Fóònù mi wà lórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi, ojú rẹ̀ dorí kodò, ó ń gba gbogbo ohùn wa sílẹ̀. Kò mọ̀. Mo dúpẹ́ omi, mo padà lọ jókòó, mo sì fetí sí ẹ̀kọ́ òmìnira títí ó fi parí.

Ọ̀sán Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tó mú wá sí ìpàdé ohùn ni ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ sí ìsinmi. Mi ò lè rò ó kó dára tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn ti kún. Ó ní, “Àbúrò mi láti Cedar Hill wà níbí, akọni ni, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Kọ́mírédì. Ẹlẹ́rìí ni mo mú wá.” Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin náà jáde, pẹ̀lú ìró abọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, títí dé “jẹ́ kó dé kíṣìnnì.” Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, láti inú ẹ̀rọ Kọ́mírédì fúnra rẹ̀, gbogbo ayé gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan lókèèrè tó ń pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó wá gbé òun.

“Ẹ… ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀,” Kọ́mírédì wí. “Ẹbí ni obìnrin yẹn. Ẹbí wa ni.”

“Ẹbí!” ni ẹnì kan pariwo. “Ó pè é ní ẹbí! Gbogbo ọ̀gá ló ń pè é bẹ́ẹ̀!”

Ó parí fún un. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n fi kọrin, wọ́n fi ṣe àwòrán. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti yọ Kọ́mírédì kúrò níwájú orúkọ rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Ó dùn bí omi tútù nínú oṣù ooru Texas. Mo ka gbogbo èébú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún èyí tó burú jù kà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ya sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí èmi máa ṣe ìpàdé Sọ́ńdè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kọ́mírédì, mo ní rárá, mo ní rárá, lọ́jọ́ Túsìdeè mo tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ mi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè mo gbé ìròyìn náà lọ fún Màmá, bí ọdẹ tó gbé ìgalà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi òróró na apá ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ń wá na apá fún un kò wá mọ́, ìnṣọ́ránsì ti bá iṣẹ́ lọ. Bàbá ń fi sitiróò mu omi nínú ife tí Màmá dì mú. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà, mo tẹ ohùn yẹn fún un. Mo dúró de ẹ̀rín rẹ̀.

“Obìnrin yẹn ńkọ́?” ló wí.

“Obìnrin wo, Màmá?”

“Èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù rẹ. Níbo ló sùn láti Sọ́ńdè?”

Mi ò mọ̀. Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Màmá kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó gbé ife sílẹ̀, ó nu ẹnu ọkọ rẹ̀. “Ta ló bẹ̀ ọ́ ní ẹ̀san?” ló bi mí, ó sì ní kí n lọ bu oúnjẹ.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ìkàwé ló padà sọ fún mi. Ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn gan-an ni wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó ní wọ́n rí i tó jókòó lórí àpótí rẹ̀ létí títì, tó ń dúró de ọkọ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó lọ bá ìbátan kan ní Mansfield, ó sì ní ó ṣeé ṣe kó má lọ síbẹ̀. Mo wá a. Báwo ni èèyàn ṣe ń wá ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Mò ń béèrè “obìnrin tó sọ̀rọ̀ kíṣìnnì,” gbogbo èèyàn sì mọ ohùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Mo ti kúrò ní Cedar Hill, mo ti kúrò lórí ayélujára náà. Bàbá ti kú. Màmá ṣì ń bu ẹran sí abọ́ mi bí mo bá lọ kí i, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí mo bá ń ro ìtàn yìí fún èèyàn, mo máa ń sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lókè: mo sọ fún un kedere pé kó má fi han ẹnikẹ́ni. Mo sì gbà á gbọ́. Nínú oṣù tó kọjá, mo ra fóònù tuntun, mò ń kó àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ sínú rẹ̀, mo sì kan ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí Kọ́mírédì lábẹ́ fọ́tò yẹn. Mo wá “ẹ má fi han ẹnikẹ́ni” lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé: “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, sà. Tí ẹ bá máa mẹ́nu kàn án lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ mi.”

Kò dárúkọ mi nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sórí fọ́tò náà. Mo wá rántí pé ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, kí wọ́n tó pe Màmá sí ọ́fíìsì rárá. Kọ́mírédì fi orúkọ ẹlòmíràn wá ìyìn fún ara rẹ̀. Èmi náà ṣe é. Mo fi orúkọ Màmá ṣe é kó tó ṣe é, mo sì tún fi ohùn obìnrin kíṣìnnì ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.